Àtẹ́lẹwọ́ Iwin: Èrò Mi Lórí Ìtàn Mérìíyìírí àti Ìtàn Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ẹ̀ka wa yìí. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ìtàn iwin àti àǹjọ̀nú. Pé ẹni tí ó bá ti gbọ́n yẹ kí ó fi Fágúnwà sílẹ̀, kí ó wá máa ka ìwé tí ó sọ nípa ayé gidi. Àwọn mìíràn a sì máa sọ pé ti òyìnbó ni ìtàn tí ó dá lórí ọkọ̀ tí ó ń lọ sí òṣùpá, àwọn ẹ̀dá tí ó ti ojú ọ̀run wá, àti ayé tí a kò tíì dé inú rẹ̀. Pé kò kàn wá rárá. N kò fara mọ́ èkíní, n kò sì gba èkejì gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti sọ ohun tí mo rí nínú irú ìwé méjèèjì, kí n sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi rò pé ààlà tí a fà sáàárín wọn kò nípọn tó bí àwọn ènìyàn ti ń pè é.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á fún wọn lórúkọ. Èyí tí ó dá lórí iwin, ẹbọra, egbére, oògùn àti igbó tí ènìyàn lásán kì í wọ̀, ìtàn mérìíyìírí ni n ó máa pè é. Èyí tí ó gbé ohun ìyanu tirẹ̀ ka orí ẹ̀rọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìtàn sáyẹ́ǹsì ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé nínú èkíní, ohun ìyanu kàn ń ṣẹlẹ̀ ni. Nínú èkejì, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá tú u wò.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Takie, ní àárín ìgboro, ni ìyá mi ti ń ta aṣọ òkìrìkà. Ẹni tí ó bá mọ Takie mọ̀ pé oríta tí ariwo kì í tán ni: ọkọ̀ ń fọn fèrè, ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, àwọn tí ń kiri ọjà ń polówó. Nítòsí ìsọ̀ ìyá mi, bàbá kan máa ń tẹ́ àpò sílẹ̀, a sì to ìwé àlòkù lé e. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, bàbá yìí a jẹ́ kí n jókòó ka èyí tí ó bá wù mí, bí n kò bá ṣáà ti ká ewé rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí Igbó Olódùmarè tí ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ti já, ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìwé H. G. Wells kan tí kò ní ẹ̀yìn mọ́. Fún ìdí yìí, n kò fi ìgbà kankan mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn méjèèjì wà ní orí pẹpẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí àpò kan náà ni mo bá wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gbé dání wọ inú ìwé Fágúnwà. Ní ìlú wa, ọdẹ ni ó tẹ ìlú dó. Ìtàn ìlú sọ pé Ògúnlọ́lá ọdẹ tẹ̀dó sí ìdí igi àjàgbọn, ó rí èéfín lọ́ọ̀ọ́kán, ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ mìíràn pàdé, ni wọ́n bá di ẹgbẹ́ kan. Òun náà ni ìtàn sọ pé ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń da ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láàmú, tí orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ sì dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Ọmọ tí ó ti gbọ́ èyí kí ó tó mọ̀wé kà, bí ó bá wá kan Akàrà-oògùn, Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn àti Èfọ̀ìyẹ̀ ọlọ́fà nínú ìwé, kò ní bi ẹnikẹ́ni pé irú ènìyàn wo nìwọ̀nyí. A bí wọn ní àdúgbò rẹ̀.

Bí a bá ti Takie wọ ọkọ̀, bí àádọ́ta kìlómítà ni ó kù kí a dé Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ yìí gan-an ni Fágúnwà wà nígbà tí ó kọ ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, láti 1926 sí 1929. Láti 1930 títí di 1939, ó ṣe tísà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n so mọ́ kọ́lẹ́jì náà. Ní 1936 ni ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba pe ìdíje ìwé kíkọ, òun náà sì fi ìtàn tirẹ̀ ránṣẹ́. Ní 1938 ni ilé-ìtẹ̀wé C.M.S. gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Nítorí náà, inú ọgbà àwọn tísà ni a ti kọ ìwé igbó yìí, níbi tí aago ti ń dún, tí wọ́n ti ń to ọmọ sí ìlà, tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò èékánná. Ọgbà yẹn ni Ajayi Crowther University wà lónìí.

Mo rò pé aago yẹn ń dún nínú ìwé náà. Ẹ wo Igbó Irúnmalẹ̀ dáadáa: kì í ṣe igbó rúdurùdu. Ó ní ọba, ó ní ìlú, ó ní òfin. Igbó Olódùmarè tilẹ̀ ní oníbodè, Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù, tí Olówó-ayé gbọ́dọ̀ bá fà á kí ó tó wọlé. Nígbà tí àwọn ọdẹ sì dé Òkè Ìrònú, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni Ìrágbèje, ẹni tí ó mú wọn jókòó fún ọjọ́ méje tí ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Kíláàsì ni, kò sí ohun mìíràn. Kí n sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, mo máa ń fo àwọn kan nínú ìmọ̀ràn Ìrágbèje, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n n kì í fo Agbákò, ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún nì. Ohun tí ó fà mí mọ́ra nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù. Òǹkọ̀wé fara balẹ̀ sọ ohun tí ó dé sórí àti ohun tí ó wọ̀ fún wa, bí ẹni tí ń ṣàpèjúwe ará ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á gba irọ́ òun gbọ́, aṣọ ọrùn irọ́ náà ni kí ó kọ́kọ́ sọ.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo ń bá Fágúnwà jà ni ti oògùn. Akàrà-oògùn ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì gbé e délé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ di kàràǹgídá. Ó dára. Kí ló wá dé tí kò lò ó ní gbogbo ìgbà tí ìyà ń jẹ ẹ́? Ìgbà mìíràn oògùn a jẹ́, ìgbà mìíràn a kọ̀, àwa òǹkàwé kò sì mọ òfin tí ó ń tẹ̀ lé. Àwọn tí ń ka ìtàn sáyẹ́ǹsì kò ní fojú fo irú èyí dá. Mo gbà pé Fágúnwà lè dáhùn pé Ọlọ́run ni ó ń jẹ́ kí oògùn jẹ́, ìdáhùn náà sì bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu. Síbẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Igbó Olódùmarè, tí ó jáde ní 1949, ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ bí ti apá. Nígbà tí Olówó-ayé àti Èṣù-kékeré-òde dojú kọ ara wọn, a mọ ẹni tí ó ń borí láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, a sì mọ ìdí.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé Fágúnwà kò pẹ́ kí wọ́n tó jáde. J. Ògúnṣínà Ògúndélé kọ Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run àti Ibú-Olókun ní 1956, D. J. Fátánmi kọ Kòrímálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà ní 1967. Ti Ògúndélé ni ó wù mí jù, nítorí pé ó gbìyànjú láti kúrò nínú igbó: ó gbé ènìyàn lọ sí ọ̀run, ó gbé ènìyàn wọ inú òkun. Lẹ́yìn náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú Àjà Ló Lẹrù dé ní 1969, àwọn ọ̀daràn àti ọlọ́pàá gba ojú agbo, iwin sì padà sí igbó. N kò bínú sí i, mo fẹ́ràn Lápàdé gidigidi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ Yorùbá ti dàbí ẹni tí ó gbà pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà: igbó àtijọ́, tàbí ìgboro òde òní. Ọjọ́ iwájú kò sí nínú rẹ̀.

Ìwé tí ó da ìpín yìí rú mọ́ mi lójú ni ti Amos Tutùọlá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1920 ni wọ́n bí i, kò ka ìwé jìnnà, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá ni. Gbogbo ènìyàn mọ The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní 1952. Èyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ìwé kejì, My Life in the Bush of Ghosts, ti 1954.

Nínú rẹ̀, ọmọ ọdún méje kan sá fún àwọn akónilẹ́rú, ó kó sí igbó àwọn iwin, ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó sì lò níbẹ̀. Lápá ìparí ìwé náà, iwin obìnrin kan tọ̀ ọ́ wá tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì egbò. Tutùọlá so ọ̀rọ̀ náà tẹlifíṣọ̀n mọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí ibi tí ó jìnnà. Iwin yìí fẹ́ kí ọmọkùnrin náà máa fi ahọ́n lá egbò òun lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí egbò náà lè jinná. Kí ó lè gbà, iwin na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ọmọkùnrin náà wò ó, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibi tí ó ti ń wò ni obìnrin kan ti gbé ọmọ elégbò wá bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ já ewé kan, ó fi tọ́jú egbò náà. Bí ọmọkùnrin náà ṣe mọ ewé nìyẹn. Ó wá irú rẹ̀ nínú igbó iwin, ó fi wo iwin náà sàn, kò sì lá egbò kankan. Iwin náà tún na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ọmọkùnrin náà bá ara rẹ̀ lẹ́bàá ìlú rẹ̀.

Ẹ wo ọdún tí ìwé yìí jáde. Ọjọ́ 31, oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Tutùọlá ti fi tẹlifíṣọ̀n sí àtẹ́lẹwọ́ iwin ní ọdún márùn-ún kí ẹ̀rọ náà tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan lè sọ pé wòlíì ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Òkìkí ẹ̀rọ náà ti kàn ní òkè òkun. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ó ṣe lò ó. Ọmọkùnrin náà kò fi àwòrán náà ṣeré. Ó fi kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn. Ẹ̀rọ náà gbé ìmọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ìmọ̀ náà sì tú okùn tí ó dè é. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ náà iwin kúrò, tí a fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀, ìtàn náà kò ní yí padà rárá. Ẹ̀ka wo ni kí á wá fi ìwé yìí sí? Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà lókè òkun máa ń pe ìyá mi lórí fóònù ní Takie, ìyá mi a gbé ojú ọmọ rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, a máa bi í pé ṣé ó ti jẹun. Mo máa ń rántí iwin elégbò náà.

Ìwé Wells tí mo rí lórí àpò bàbá Takie ni The War of the Worlds, tí ó jáde ní odidi ìwé ní 1898. Àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohun ìjà tí ń rọ̀jò iná. Ìbọn àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ náà kò ran wọn. Kòkòrò tí ojú lásán kò rí ni ó gba aráyé sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ba àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ka ìwé yìí. Èmi kò bẹ̀rù, nítorí mo ti gbọ́ ìtàn náà rí. Ní oṣù Bélú 1895, ọdún mẹ́ta péré kí ìwé náà tó jáde, Captain Bower kó ọmọ-ogun wá, ó sì yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Fún ẹni tí àgbá ń bú lé lórí ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, ṣé ìyàtọ̀ púpọ̀ wà láàárín ẹ̀dá ojú ọ̀run àti ẹ̀dá òkè òkun? Wells fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ohun tí àwọn ará Yúróòpù fi ojú àwọn ará Tasmania rí. Ẹni tí ó bá sọ fún mi pé ìtàn sáyẹ́ǹsì kò kàn wá, kí ó lọ ka ìwé yìí pẹ̀lú ìtàn Ọ̀yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ayé òde òní, ọmọ wa ti wà nínú iṣẹ́ náà. Tade Thompson jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀n, tí ó dàgbà ní Nàìjíríà, iṣẹ́ dókítà ni ó sì ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ Rosewater, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2016, ni ó fi gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọdún 2066. Ẹ̀dá kan láti ojú ọ̀run ti wọ ilẹ̀, ó sì gbé òrùlé roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn wá tẹ ìlú dó yí igbá náà ká. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni igbá náà ń ṣí. Gbogbo aláìsàn a péjọ, a sì wò wọ́n sàn. Àwọn mìíràn a gba ìwòsàn òdì, ẹ̀yà ara wọn a dàrú. Àwọn òkú a tún dìde, ṣùgbọ́n wọn kò ní iyè nínú mọ́. Nígbà tí mo kan ibẹ̀, mo ní àkúdàáyà rèé! Ṣùgbọ́n àkúdàáyà tiwa sàn jù ú lọ, nítorí òun a máa ṣòwò, a máa fẹ́yàwó, a sì máa bímọ ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Káàrọ̀, ẹni tí ó ń sọ ìtàn náà, a máa wọ inú ọkàn ẹlòmíràn. Òǹkọ̀wé kò sọ pé oògùn ni. Ó ní fọ́nrán tíńtìntín kan, tí ó jọ ti olú, ti bá ẹ̀dá náà wọ ayé, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé èrò láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Bí ẹni tí ó ní irú ẹ̀bùn yìí bá wá fẹ́ kí ọkàn òun dákẹ́, ìpara tí a fi ń wo làpálàpá ni yóò fi para. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á, nítorí ìpara yẹn wà ní gbogbo ìsọ̀ oníkẹ́míìsì ní Takie. Mo tún dákẹ́, mo rò ó. Ońdè ni. Ohun tí a wọ̀ sára kí ohun tí ojú kò rí má baà wọlé síni lára, kí ni a ń pè é ní ilé wa? Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Thompson sọ ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́: ohun tí ó ń pa olú ni yóò pa ohun tí ó jọ olú.

Ẹ sì wò ó, ọfọ̀ náà ń sọ ìdí. Àwa tí a ti jókòó sí kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ẹni tí ń pe ọfọ̀ kì í kàn pàṣẹ. A máa kọ́kọ́ pe ohun kan ní orúkọ, a sọ ìwà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé bí ó ti rí fún èyí ni kí ó rí fún òun. Ìdí ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìdí inú ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìdí ni. Nítorí náà, ààlà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan, pé ìtàn mérìíyìírí kì í sọ bí ohun ṣe ṣẹlẹ̀, kò lè dúró níwájú ọfọ̀.

Mo ka Lagoon ti Nnedi Okorafor, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 2014. Inú omi ní etí òkun Bar Beach, Èkó, ni àwọn àjèjì ojú ọ̀run bọ́ sí, Ayọ̀délé sì ni orúkọ tí aṣojú wọn ń jẹ́ láàárín ènìyàn. Àjèjì tí a sọ lórúkọ! Ohun tí Yorùbá yóò ṣe gan-an nìyẹn. Mo tún ka Children of Blood and Bone ti Tomi Adéyẹmí, 2018, tí ó kún fún orúkọ òrìṣà wa. Ìwé náà ń sáré, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè gbé ọfọ̀ inú rẹ̀. Yorùbá ni, àwítúnwí àti ìlù inú ọ̀rọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Bóyá èmi ni mo ní etí líle.

Nígbà tí ó tó àkókò láti mú orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wá, mo mú ìtàn sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá lọ bá olùkọ́ kan. N kò ní dárúkọ. Olùkọ́ náà kò bínú. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Ìwé wo ni o fẹ́ yẹ̀ wò?” Ẹnu mi wọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wá nǹkan mìíràn, pé èdè Yorùbá kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè wọn tọ́. Gbólóhùn kejì ni mo ń bá jà láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ tí Yorùbá fún àwọn ẹ̀rọ tí ó ti dé bá wa. Rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n: amóhùnmáwòrán. Kọ̀ǹpútà: ayárabíàṣá. Ẹ wá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ Ọlọ́hùn-iyọ àti Bàbá Onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣe wọ́n. A kò bèèrè ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀. A wo ìwà rẹ̀, a sì fi ìwà náà sọ ọ́ lórúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì: ẹni tí kò bá rí rédíò rí yóò rò pé iwin kan ni ó ń bẹ nínú igbó Fágúnwà, bí o bá kí i kò ní dá ọ lóhùn. Èdè tí ó ṣe báyìí sọ rédíò lórúkọ kò lè ṣàìrí orúkọ fún ọkọ̀ tí ń lọ sí ìràwọ̀. Àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó fà á. Ọjà ni. Ìwé Yorùbá tí kò bá sí lára èyí tí àjọ onídánwò yàn fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í rìn jìnnà, àwọn onítẹ̀wé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó lè kọ irú ìtàn yìí kọ̀ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sanwó. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tó láti ka ìwé. Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, ọjà kò tà, mo bá jókòó sórí ìdì aṣọ, mo ń fi Yorùbá sọ ìtàn Rosewater fún wọn. N kò tíì kà á tán nígbà náà. Mo sọ ti igbá, mo sọ ti ọdún 2066. Wọ́n bi mí pé ta ni ó gbà wọ́n lálejò, pé kí ni wọ́n ń jẹ. Mo dáhùn bí mo ti lè dáhùn. Nígbà tí mo dé ibi ìwòsàn, wọ́n dá mi dúró.

“Ṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ aláìsàn?”

Mo ní, “Rárá o, Màámi. Ọ̀fẹ́ ni.”

Wọ́n ká ṣòkòtò tí wọ́n mú lọ́wọ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. “Kò sí ọ̀fẹ́ ní ọjà. Wọ́n ń gba nǹkan. Lọ wá a wò dáadáa.”

Mo ka ìwé náà tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. (Kí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìparí rẹ̀ fo ìlà tí ó tẹ̀ lé èyí.) Ohun tí ó jáde ni pé àwọn àjèjì náà ń fi ara tiwọn rọ́pò ara ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ìwòsàn náà sì jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ara aláìsàn ni owó náà. Ìyá mi ti mọ̀ ní ojú ewé tí èmi kò tíì dé. Iwin elégbò ti Tutùọlá náà ń dá owó lé ohun tí ó fẹ́ fi hàn, ọdún mẹ́wàá ahọ́n ni ó sì kọ́kọ́ pè é. Láti ìgbà náà, bí mo bá mú ìwé mérìíyìírí tàbí ìwé sáyẹ́ǹsì, n kì í bèèrè mọ́ bóyá ẹ̀rọ ni tàbí oògùn. Mo máa ń bèèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àti ẹni tí ó ń san án.

Olùkọ́ wa kò tíì fọwọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí mo bá rí ìwé mẹ́ta, kí n padà wá. Mo ti pinnu láti mú Ibú-Olókun lọ, kí n jà á fún un. Èkejì ni ojú ewé ogójì tí èmi fúnra mi ti ń kọ, nípa ìlú kan ní ọdún 2066 níbi tí àwọn àjèjì ti wá ra òkìrìkà. N kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni n kò ní. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ìbáà jẹ́ inú ìwé àjákọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ kọ ọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. N kò ní ká ewé rẹ̀.